Èsì: Iṣẹ́ Su Shi wo ni kí n kọ́kọ́ wò?

Ẹ kú ìbéèrè. Tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ewì Su Shi, akéwì ilẹ̀ China àtijọ́, àti ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ pọ̀ lẹ fẹ́, Hanshi Tie ni: ewì méjì tó fi búrọ́ṣì kọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ àwòrán ìwé náà gan-an ni kí ẹ wá, kì í ṣe èyí tí wọ́n tún tẹ̀.

Ní 1079 wọ́n mú un torí ewì tó fi ta ko ìjọba, wọ́n sì lé e lọ sí ìlú Huangzhou ní China. Òjò àti ìṣẹ́ ibẹ̀ ló kún inú ewì wọ̀nyí.

Apá ọ̀tún ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti òkè wá sílẹ̀. Lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ kéré. Bí ìbànújẹ́ ṣe ń pọ̀ ni wọ́n ń tóbi. Ẹ má fo ìyìn tí Huang Tingjian, akéwì ọ̀rẹ́ Su Shi, kọ síparí o, òun náà mọ búrọ́ṣì lò! Taipei, ní Taiwan, ni ìwé náà wà báyìí.