Ọjọ́ tí onílù R.E.M. gba oko lọ

Àbúrò tó ń béèrè bóyá kí òun kúkú pa gbogbo àwo R.E.M., ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì ará Amẹ́ríkà, tó jáde lẹ́yìn 1996 rẹ́ kúrò lórí fóònù òun, torí pé Around the Sun lòun fi bẹ̀rẹ̀, oorun sì gbé òun lọ: ní sùúrù ná. Mo ti ka ohun táwọn tó kù sọ nípa ohun tó ba orin wọn jẹ́. Ẹnì kan ní àgbà ló dé sí wọn. Ẹnì kan ní àdéhùn olówó gọbọi tí wọ́n bá Warner Bros., iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo wọn jáde, ṣe ní 1996 ló bà wọ́n jẹ́. Ẹni kẹta ní wọn ò dáa rí látìbẹ̀rẹ̀. Ti ẹni kẹta yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ àwo wọn Murmur ti 1983 tó ní kò dáa, etí rẹ̀ ló yẹ ká bá a fọ̀.

Èmi fẹ́ sọ tẹnu mi, torí pé ohun tó ṣe wọ́n ṣe èmi náà, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó sì ná mi lówó.

Ọdún 1999 ni mo ra kásẹ́ẹ̀tì Automatic for the People, ọ̀kan nínú àwo R.E.M., ní Takie, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta àlòkù lórí tápólì. Mi ò mọ àwọn tó kọ ọ́ rárá. Àwòrán iwájú rẹ̀ ni mo rà: nǹkan kan bí ìràwọ̀ onírin, tí ṣóńṣó rẹ̀ yọ síta. Gìtá ni mò ń ta nígbà náà nínú báńdì ẹlẹ́ni márùn-ún, òde ìnáwó là ń lọ. Mo ti ń gbọ́ Everybody Hurts, orin kan nínú rẹ̀, fún ọdún mẹ́ta gbáko kí n tó mọ̀ pé Bill Berry, onílù wọn, ló mú èyí tó pọ̀ jù nínú orin náà wá. Onílù o! Ẹ̀rọ ni wọ́n sì fi lu èyí tó pọ̀ jù nínú ìlù rẹ̀. Ẹni tó lorin káwọ́ gbera, ó jẹ́ kí ẹ̀rọ máa lọ, torí pé ohun tí orin ń fẹ́ nìyẹn.

Ní March 1995, wọ́n wà lórí ìtàgé ní Lausanne, ní Switzerland, ni iṣan ẹ̀jẹ̀ kan bẹ́ nínú ọpọlọ Berry. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ yá, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ní October 1997 ó ní ó tó gẹ́ẹ́, òun ń lọ sóko òun. Oko gan-an ni o, mi ò pòwe. Ó ní bó bá jẹ́ pé lílọ òun ló máa tú ẹgbẹ́ ká, òun ò ní lọ. Àwọn mẹ́ta tó kù, Michael Stipe, Peter Buck àti Mike Mills, ní kó máa lọ, àwọn á máa bá a nìṣó. Ẹ rántí pé àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n máa ń kọ orúkọ wọn sí orin, ẹni yòówù kó mú un wá. (Èmi tí mo ti rí bí báńdì ṣe ń jà lórí owó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ olórin níwájú, mo mọ bí ìyẹn ṣe ṣọ̀wọ́n tó.)

Lọ́dún 2006, onílù tiwa náà lọ. Àna rẹ̀ ló fún un lóko kaṣú lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀gbọ́n yẹn kì í sọ̀rọ̀. Bí orin bá ti ń gùn jù, á fi ìdí ọ̀pá lu etí ìlù lẹ́ẹ̀mejì, kọ́, kọ́, á sì wò mí lójú. Mo ti mọ̀ pé ó yá, ká sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Inú a sì máa bí mi, torí pé ibẹ̀ gan-an ni gìtá ti ń dùn mọ́ mi lọ́wọ́.

Dípò kí n wá onílù míì, mo yáwó níbi àjọ, mo ra kíbọ́ọ̀dù tó ní ìlù nínú. Ẹ wo ọgbọ́n mi: ẹ̀rọ kì í jẹun, kì í gba owó ọkọ̀. Òde ìsìnkú ìyá àgbà kan ní Arówómọlẹ̀ la kọ́kọ́ gbé e lọ. A dá orin sílẹ̀, ìlù ń lọ, kò yára, kò falẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́. Olórin ń wò mí. Èmi ń wo ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Òun náà ń wo olórin. Kò sẹ́ni tó máa lu etí ìlù. Ogójì ìṣẹ́jú! Àwọn tó ń náwó ti lọ jókòó, àwọn ìyàwó ilé ti ń palẹ̀ abọ́ mọ́, ni bàbá kan tó wọ dàńdógó bá dìde, ó rọra wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà, ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ṣé ilé lẹ gbàgbé ìparí orin yìí sí ni?” Títí dòní, wọn ò pè wá sí àdúgbò yẹn mọ́.

Oṣù yẹn náà ni mo tún gbé Up sétí, àwo tí wọ́n ṣe ní 1998 lẹ́yìn tí Berry lọ, mo bú sẹ́rìn-ín. Orin mẹ́rìnlá, ó lé ní wákàtí kan, ìlù ẹ̀rọ káàkiri inú rẹ̀. Mo mọ irú ojú tí wọ́n á máa fi wo ara wọn. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn àwo yẹn, torí pé ẹ̀rù tó ń bà wọ́n hàn nínú rẹ̀. Ti Around the Sun ní 2004 ló yàtọ̀. Ẹ̀rù ò bà wọ́n mọ́ níbẹ̀, ó kàn ti sú wọn ni. Buck fúnra rẹ̀ padà sọ ọ́ pé àwo náà kò ṣeé gbọ́, pé bí orin àwọn tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ti sú ló ṣe ń dún. Àbúrò, bí oorun bá gbé ọ, àwọn tó ṣe é gan-an ló kọ́kọ́ sùn.

Ẹnì kan á ní New Adventures in Hi-Fi ti 1996 gùn ju wákàtí kan lọ, Berry sì wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ lèmi náà ti kọsẹ̀ nígbà tí mo ń rò pé gígùn lẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ni wọ́n ti gba ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń ṣeré káàkiri ní 1995: lórí ìtàgé, àti níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Èrò ìwòran máa ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ onílù. Bí orin bá ti yó wọn, ojú wọn lẹ ó ti rí i.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe kí Accelerate tó jáde ní 2008. Ní 2007, wọ́n gba gbọ̀ngàn Olympia ní Dublin fún alẹ́ márùn-ún, wọ́n ń kọ orin tí kò tíì jinná níwájú èrò. Àwo tó ti ibẹ̀ jáde, orin mọ́kànlá, kò pé ìṣẹ́jú 35, ó sì ń ta bí ata. Ṣé ọjọ́ orí wọn ti padà sẹ́yìn láti 2004 ni?

Àwa ò ní Dublin. Ìdí búkà kan ní Under G, níbi táwọn ọmọ LAUTECH ti ń jẹ àmàlà, la wá ń gbé gìtá lọ lálẹ́ Ọjọ́rú. Ẹsẹ orin tí wọ́n bá jẹun já láì gbórí sókè, a gé e dànù. Kíbọ́ọ̀dù ńkọ́? Ìdajì iye tí mo rà á ni mo tà á. Owó àjọ yẹn, ọdún méjì ni mo fi san án.

Má pa nǹkan kan rẹ́. Gbọ́ Accelerate lálẹ́ òní, kó o tún gbọ́ Lifes Rich Pageant ti 1986 lọ́la, kó o mọ bí Berry ṣe ń lu ìlù. Fi Up sílẹ̀ di alẹ́ tí wọ́n bá múná lọ. Reveal ti 2001, orin mẹ́ta péré ni mò ń gbọ́ níbẹ̀, ẹ má bá mi jà. Kásẹ́ẹ̀tì Automatic mi ṣì wà. Tó o bá ń kọjá ní Takie, yà wá gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mú bíírò tí a ó fi yí i dání o, ojú kejì rẹ̀ ti ń fà.