Dip inú ijó vogue: jíjókòó ni, kì í ṣe ṣíṣubú

Àbúrò tó béèrè ibi tí dance-pop (orin pop tí wọ́n fi ń jó) ti ṣẹ̀, àti bí òun ṣe lè kọ́ dip, ìyẹn lílọ sílẹ̀ dórí ẹ̀yìn pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan ní kíká, inú ijó vogue, ijó tó ń fara ṣe bíi ti àwọn awòṣe inú ìwé ìròyìn, láìfarapa, ẹni tí orúnkún ẹ̀ ti wú rí nítorí dip ló ń dá ẹ lóhùn.

Ti orin kò le. Inú dískò ló ti jáde. Earl Young, onílù Philadelphia, ló ń fi ẹsẹ̀ lu ìlù ńlá ní kíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó ń ṣí hi-hat (sínbálì méjì tó ń pàdé ara wọn) láàárín wọn. A ti ń gbọ́ ọ láti 1973. Ní Chicago, DJ Frankie Knuckles sọ ọ́ di orin house ní ilé ijó Warehouse. Àwọn tó ní dískò kú lọ́jọ́ tí wọ́n fọ́ àwo orin dískò ní pápá Comiskey ní Chicago, 12 July 1979, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ti Harlem, àdúgbò kan ní New York, ni vogue, ọwọ́ àwọn trans àti ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin, adúláwọ̀ àti Látínò, ló wà kí orin Madonna tó gbé e káyé ní 1990.

Dip wàyí. Àwọn olùkọ́ kan á ní "ṣáà ju ara ẹ sílẹ̀." Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́ tiwọn! Bí ẹsẹ̀ òsì lo fẹ́ ká, lóṣòó, sún ìdí mọ́ gìgísẹ̀ òsì, kí ọwọ́ òsì kan ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ kí ìdí tó kàn án. Na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú. Ìdí á balẹ̀, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, èjìká ló kẹ́yìn. Lẹ àgbọ̀n mọ́ àyà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìpàkọ́ lá gbá ilẹ̀. Ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì kọjú sí ni kí orúnkún náà kọjú sí. Tí orúnkún bá wó sínú nígbà tí àtẹ́lẹsẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́lẹ̀, lílọ́ ló máa lọ́. Ìdí nìyẹn tí bàtà rọ́bà tó ń di ilẹ̀ mú kò fi dáa. Kọnkéré àti táìlì ńkọ́? Rárá o, mátì ni.

Kọ́kọ́ ṣe é láìsí orin. Tó bá di orin tó ń lu kíkà 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ní kíkà kìíní, kí èjìká balẹ̀ ní kẹrin, níbi tí sínbálì ti máa ń dún. Ijó ọwọ́ àti catwalk (rírìn bíi awòṣe), wàá mú wọn fúnra ẹ. Duckwalk, ìyẹn rírìn ní lílóṣòó, náà ń fi orúnkún ṣiṣẹ́, má pa á pọ̀ mọ́ dip lọ́jọ́ kan náà.

Tí orúnkún bá dún "kọ̀", tó sì wú, má jẹ́ kí dókítà fi ẹ̀ksíréè nìkan dá ẹ padà sílé pé kò sí nǹkan. Egungun lẹ̀ksíréè ń fi hàn. Iṣan tó so wọ́n pọ̀ kì í hàn níbẹ̀. Ní kó fọwọ́ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.