Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹja Tó Ń Ṣí Lọ sí Gúúsù Létíkun New Jersey

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Newark, ní ìpínlẹ̀ New Jersey, ni mò ń gbé. Nígbà ìwọ́wé tó kọjá, èmi àti ọmọ mi ọkùnrin máa ń lọ fi ìwọ̀ pẹja ní Sandy Hook. A ra oríṣiríṣi ìjẹ àtọwọ́dá aláràbarà. Àwọn ẹyẹ ń já wọnú omi níwájú wa, ẹja ńlá ń fò sókè, síbẹ̀ wọn kò fẹnu kan ìjẹ wa. Kí ló fà á? Bí a bá sì rí ọ̀kan pa, ṣé a lè gbé e lọ sílé fún ọbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ó jọ pé striped bass, ẹja tó ní ìlà dúdú méje tàbí mẹ́jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ni ẹ rí. Ẹja yìí kì í gbé ojú kan. Nígbà ìrúwé, ó máa ń wọ odò Hudson, odò Delaware àti àwọn odò tó ń ṣàn sí Chesapeake Bay lọ yé ẹyin, lẹ́yìn èyí ọ̀pọ̀ nínú wọn á gba etíkun lọ sí àríwá, títí dé Massachusetts àti Maine. Bí ọjọ́ bá ti ń kúrú tí omi sì ń tutù láti oṣù kẹsàn-án, wọn á yí padà sí gúúsù, wọn á sì máa jẹun gidigidi lójú ọ̀nà.

Àwọn ẹja kéékèèké tí wọ́n ń jẹ náà ń ṣí ní àkókò kan náà, ibẹ̀ sì ni ìdáhùn yín wà. Nínú oṣù kẹsàn-án, mullet kéékèèké máa ń gba ẹ̀bá etíkun kọjá. Àwọn ọmọ menhaden, tí àwọn apẹja ibẹ̀ ń pè ní peanut bunker, á jáde láti inú ọ̀sà sínú òkun, àwọn àgbà wọn tó lè gùn ju ínṣì 12 lọ á sì wà nítòsí. (Menhaden bá ṣáwá tí a mọ̀ nílé tan.) Tó bá fi máa di ìparí oṣù kọkànlá, sand eel tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ló sábà máa ń pọ̀ jù. Nígbà tí ẹja ńlá bá ń jẹ bay anchovy tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, tí ẹ sì ń ju ìjẹ ńlá tó ń pariwo lójú omi, kò ní kà á sí oúnjẹ rárá. Nítorí náà, kí ẹ tó ṣí àpótí ìjẹ yín, ẹ wo etí omi níbi ẹsẹ̀ yín, kí ẹ sì wo ohun tí ẹja tí ẹlòmíràn fà sókè bá pọ̀ jáde. Ẹ kọ́kọ́ mú ìjẹ tó bá ìwọ̀n ẹja kéékèèké tí ẹ rí níbẹ̀ mu, lẹ́yìn náà ìrísí rẹ̀: èyí tó fẹ̀ láti ẹ̀yìn dé ikùn fún menhaden, irin tẹ́ẹ́rẹ́ fún sand eel. Lójú tèmi, àwọ̀ ló gbẹ̀yìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni àwọn tó ń tajà máa ń kọ́kọ́ fi hàn wá.

Ẹ má ṣe ju ìjẹ sí àárín ibi tí omi ti ń hó, nítorí ìjẹ kan láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹja kò ní hàn. Ẹ jù ú kọjá etí ọ̀wọ́ ẹja náà, ẹ jẹ́ kó rì, kí ẹ sì máa fà á díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú ìdúró ráńpẹ́, kó dà bí èyí tó fara pa, torí pé àwọn tó tóbi jù sábà máa ń wà nísàlẹ̀. Bí omi bá ti ń tutù sí i, ẹ dín ìyára ọwọ́ yín kù. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ dára ju ọ̀sán gangan lọ. Ẹ tún gbìyànjú àwọn ẹnu ọ̀sà bíi Manasquan àti Barnegat nígbà tí omi bá ń fà padà sí òkun, nítorí ìṣàn yẹn ló ń gbé ẹja kéékèèké jáde.

Ní ti ọbẹ̀, òfin fàyè gba ẹja kan ṣoṣo fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, èyí tó gùn tó ínṣì 28 tí kò sì ju 31 lọ. Ọdún 2023 ni àjọ ASMFC, tó ń bójú tó ẹja fún àwọn ìpínlẹ̀ etíkun Atlantic, mú un wálẹ̀ láti 35 sí 31, nítorí iye tí wọ́n pa lọ́dún 2022 pọ̀ jù. Inú mi dùn sí ìpinnu yẹn, nítorí àwọn abo ńlá ló ń yé ẹyin jù lọ. Ẹ wo òfin tó wà lójú iṣẹ́ kí ẹ tó jáde, torí ó máa ń yí padà. Ẹni tó bá sì ti pé ọdún 16 gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tí ẹ bá fẹ́ dá padà, ẹ fi omi rin ọwọ́ yín kí ẹ tó dì í mú, ẹ má sì fọwọ́ kan ẹ̀yà tó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ yín ló jẹ mí lógún jù. Ìjọba New Jersey ti kìlọ̀ pé kẹ́míkà PCB wà nínú ara striped bass, ìkìlọ̀ náà sì le jù fún àwọn ọmọdé àti aláboyún. Ẹ kà á kí ẹ tó gbé ẹja náà ka iná. Bí àwọn àgbà bá fẹ́ jẹ ẹ́, kí wọ́n bó awọ rẹ̀, kí wọ́n gé gbogbo ọ̀rá ikùn àti ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, nítorí inú ọ̀rá ni kẹ́míkà yìí máa ń kóra jọ sí. Ẹ yan án lórí iná kí ọ̀rá tó kù lè kán sílẹ̀, ẹ má sì fi omi rẹ̀ se ọbẹ̀.