Hóró estrogen lẹ́yìn 60 ọdún: ohun tójú mi rí rèé

Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí ìbéèrè yín pé ẹ ti pé 61, ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń gbé hóró estrogen mì (ìyẹn hòmóònù obìnrin táwa obìnrin trans, tí wọ́n pè lọ́kùnrin nígbà tí wọ́n bí wa, ń lò), kò sì ṣe yín ní nǹkan kan, ṣé kẹ́ ẹ máa bá a lọ. Èmi náà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ nígbà kan, títí ó fi ṣe mí.

Mo jẹ́ 52 nígbà yẹn, Mọ́kọ́lá ni mò ń gbé. Oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí ni mò ń rà ní kẹ́míìsì, mo sì ń lò ó ní ìlọ́po, torí mi ò rójú lọ bá dókítà kankan kó máa wò mí bí ẹni wo ìran. Mi ò mọ̀ pé ethinylestradiol, irú estrogen tó wà nínú ẹ̀, ló burú jù tó bá di ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídì. Mo wọ bọ́ọ̀sì láti Àbújá, a jókòó gan-an-gan láti àárọ̀, ìgbà tá a fi máa dé Òjòó ẹsẹ̀ òsì mi ò wọ sálúbàtà mọ́. Mo fàtàǹpàkò tẹ ẹran ẹ̀yìn ojúgun mi, ojú ibẹ̀ jinnú, kò tètè padà, ó tún gbóná, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ò ṣe nǹkan kan. Mo ní làkúrègbé ni. Ìyá tá a jọ ń gbélé ti ń fi òrí wọ́ ọ fún mi (Ọlọ́run ló yọ mí, torí ẹ̀jẹ̀ tó dì lè já kó lọ há sẹ́dọ̀fóró).

Ọjọ́ kẹta ni mo tó lọ ṣe skáànì, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti dì sẹ́sẹ̀ mi. Dókítà bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò, mo purọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà kẹta ni mo tó jẹ́wọ́. Kò bú mi o, ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀. Oṣù mẹ́fà ni mo fi lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì.

Mi ò ní kẹ́ ẹ má lo estrogen o, ẹnu tó ń gbà wọlé ni mò ń sọ. Èyí tá a bá gbé mì, ẹ̀dọ̀ ló kọ́kọ́ ń bá pàdé, ẹ̀dọ̀ yẹn ló sì ń ṣe àwọn nǹkan tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, á wá máa ṣe wọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tá a bá fi pa ara ò gba ibẹ̀ kọjá lákọ̀ọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí ìlànà 2022 ti WPATH (ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tó ń rí sí ìlera àwọn trans) fi ní kí ẹni tó bá ti lé ní 45 lo èyí tó ń gba awọ ara wọlé. Tó bá jẹ́ estradiol (irú estrogen mìíràn) ni hóró tẹ́ ẹ ń lò, kò burú tó tèmi ṣá, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ẹ ń mu sìgá, ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an.

Jẹ́ẹ̀lì lèmi ń lò báyìí, mo máa ń pa á sítan tí mo bá wẹ̀ tán, máa wá dúró síwájú fáànù títí á fi gbẹ. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ra, ooru Ìbàdàn ò jẹ́ kó dúró lára mi, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti máa ń bá a láàárọ̀ jàre.

Ẹ má kàn dédé dá tiyín dúró o. Ẹ mú páálí ẹ̀ dání lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ sì sọ òótọ́ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá bi yín. Tí ẹsẹ̀ kan bá wú tí ìkejì ò wú, tàbí tí ẹ ò lè mí dáadáa, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi òrí wọ́ ọ, ọ̀sán ni o, òru ni o, ẹ wá ọkọ̀ kẹ́ ẹ máa lọ sọ́sibítù.