Ìtumọ̀ gbẹ́rẹ́ sínsín, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń fi nanoparticle gbé

Ìbéèrè kan wá láti Ṣàgámù. Ẹni tó béèrè fẹ́ mọ ìtumọ̀ gbẹ́rẹ́ tí àwọn àgbà Rẹ́mọ máa ń sín fún aláìsàn, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá kò yàtọ̀ sí oògùn tuntun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń fi nanoparticle (èérún tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i) ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó ní ìyá òun ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣùgbọ́n bàbá kan ládùúgbò ti sọ fún wọn pé gbẹ́rẹ́ àyà á tó wọn.

Nínú ìṣègùn Yorùbá, bí a ti ń ṣa ewé àti egbò náà ni a ń yan ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọ ara. Àgbo wà fún mímu, a máa ń fi ẹ̀kọ gbígbóná mu àgúnmu, àsèjẹ sì wà fún jíjẹ. Bí oníṣègùn bá wá rí i pé ojú kan pàtó ni àìsàn fìdí kalẹ̀ sí, bóyá orúnkún tó ń dunni tàbí apá tí rọpárọsẹ̀ mú, yóò jó èlò tí wọ́n rà lọ́wọ́ lẹ́kùlẹ́jà, yóò lọ̀ ọ́ kúnná, yóò fi abẹ sín ojú ibẹ̀ wẹ́wẹ́, yóò sì fi ìka ra oògùn dúdú náà sí i kí ẹ̀jẹ̀ tó dá. Ìdí rẹ̀ ni pé oògùn tó gba ẹnu wọlé lè ṣáko kó tó dé ibi tí a rán an. (Gbẹ́rẹ́ ìdáàbòbò, tí a ń sín fún ẹni tí ara rẹ̀ le, ọ̀tọ̀ nìyẹn.)

Àníyàn kan náà ló wà lọ́kàn àwọn tó ń ṣe oògùn òyìnbó. Ẹ wo candesartan, ọ̀kan nínú àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru: bí a bá gbé ìwọ̀n 100 mì, nǹkan bí 15 péré ló ń dé inú ẹ̀jẹ̀. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń wá ohun tí wọn yóò fi wé oògùn, ìyẹn nanoparticle, tí a ń fi nanomita wọn. Nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà. Irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 nanomita, nígbà tí ọ̀pọ̀ nanoparticle kò ju 200 lọ. Àwọn kan jẹ́ bọ́ọ̀lù ọ̀rá, irú èyí tí Alec Bangham, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, ṣàwárí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọdún 1960 sí 1965. Abẹ́rẹ́ àjẹsára Moderna fún àrùn COVID-19 tí wọ́n gbà ní Nàìjíríà ní 2021, inú ọ̀rá kíkéré báyìí ni wọ́n wé e sí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jọ gbẹ́rẹ́ jù lọ ni wíwú inú iṣan ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ru fún ìgbà pípẹ́, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tẹ́ inú iṣan á fara gbọgbẹ́, á wá yọ èròjà kan síta tí wọ́n ń pè ní VCAM-1, tó máa ń di sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ mú; àwọn wọ̀nyí á wọ inú awọ náà, wíwú á pọ̀ sí i, iṣan á le, ẹ̀jẹ̀ á sì túbọ̀ máa ru. Àwọn olùwádìí ti fi antibody (èròjà tó máa ń dá ohun kan pàtó mọ̀, tó sì ń lẹ̀ mọ́ ọn) tó dá VCAM-1 mọ̀ sí ara nanoparticle, kí oògùn lè lẹ̀ mọ́ ibi tó wú, kó sì fi ibi tó dára sílẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí ṣì wà lára eku, títí kan ìran eku ẹlẹ́jẹ̀ ríru tí wọ́n mú jáde ní Kyoto, ní ilẹ̀ Japan, ní 1963, ẹ̀dọ̀ sì máa ń gba púpọ̀ nínú nanoparticle mọ́ ojú ọ̀nà.

Nítorí náà, èrò tó wà nídìí méjèèjì jọra, iṣẹ́ wọn kò jọra rárá. Abẹ tó fa awọ àyà kò lè dé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tàn ká gbogbo ara. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ìyá dá oògùn wọn dúró. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, bó bá sì ń tó 140/90 tàbí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ lemọ́lemọ́, ẹ tètè padà sọ́dọ̀ dókítà. Abẹ tí a fi sín ẹlòmíràn lè kó HIV tàbí àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ (hepatitis) wọ̀ wọ́n lára. Bí bàbá náà bá sì ti fún wọn ní àgbo, ẹ béèrè orúkọ ewé àti egbò inú rẹ̀ kí ẹ sì sọ ọ́ fún dókítà, nítorí reserpine wà nínú egbò asofẹ́yẹjẹ, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Bó bá pàdé oògùn ilé ìwòsàn, ẹ̀jẹ̀ wọn lè wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.