Ṣé ó tọ́ kí class Square jogún class Rectangle?

Rárá, kò tọ́, bí kóòdù náà bá gbà kí a yí ìbú tàbí òòró padà lẹ́yìn tí a ti ṣẹ̀dá object. (Class ni àwòṣe tí a fi ń ṣẹ̀dá object nínú kóòdù; tí class kan bá jogún òmíràn, ó gba ohun tí ìyẹn ní.) Nínú ìṣirò, Rectangle ni gbogbo Square lóòótọ́. Inú kóòdù ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ká ní function kan, ìyẹn apá kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, gba Rectangle, ó fi ìbú sí 5, ó fi òòró sí 4, ó sì ń retí pé area rẹ̀ (ìbú ní ìlọ́po òòró) máa jẹ́ 20. Tó bá jẹ́ Square la fún un, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba, nítorí náà bí òòró ṣe di 4 ni ìbú náà di 4, 16 ló sì máa bá níbẹ̀. Kò ní sí error kankan tó máa yọjú, ìdí nìyẹn tí irú àṣìṣe yìí fi ṣòro láti rí.

Ìlànà tí èyí tẹ̀ lójú ni èyí tí Barbara Liskov, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, gbé kalẹ̀ ní 1987, òun ni L inú SOLID, ìlànà márùn-ún fún kíkọ kóòdù tó dára: ibikíbi tí a bá ti ń lo class òbí, kí class ọmọ lè rọ́pò rẹ̀ láìba nǹkan kan jẹ́. Tí object náà kò bá ṣeé yí padà mọ́, ìjogún yẹn kò léwu. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kí méjèèjì kúkú jogún class òbí mìíràn, bíi Shape.