Ṣé ínsúlínì tí wọ́n fi ti ẹlẹ́dẹ̀ ṣe lágbára bíi ti ènìyàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, apòògùn wa. Láfẹ́nwá, l'Ábẹ́òkúta níbí, ni a wà. Ìyá wa ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì fún àtọ̀gbẹ. Ẹnì kan wá sọ fún wọn pé ara ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́, pé wọ́n kàn ń tún un ṣe kó lè di ti ènìyàn. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọkàn wọn ò balẹ̀ mọ́. Ṣé òótọ́ ni? Ta ló sì ń wò ó bóyá èyí tí wọ́n tún ṣe bẹ́ẹ̀ lágbára? Ṣé a lè dán an wò nílé?

Ìdáhùn: Ẹni náà ò purọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Amino acid, ìyẹn àwọn ègé kéékèèké tó so pọ̀ di ínsúlínì, 51 ló wà nínú ti ènìyàn. Ẹyọ kan péré ni ti ẹlẹ́dẹ̀ fi yàtọ̀ sí tiwa. Ti màlúù fi mẹ́ta yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ Novo ní Denmark fi èròjà kan tó ń jẹ́ trypsin gé alanine, amino acid tó wà níparí ti ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n fi threonine, tí ti ènìyàn ní níbẹ̀, rọ́pò rẹ̀, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1982. Ọdún yẹn náà ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí èyí tí bakitéríà ń pèsè. Lónìí, bakitéríà tàbí ìwúkàrà ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù. Bí ẹ bá rí "rDNA" tàbí "recombinant" lára páálí, kò ti ara ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, kí Ìyá má dá abẹ́rẹ́ dúró kí ẹ tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Ti agbára rẹ̀ ńkọ́? Pé ó jọ ti ènìyàn lórí ìwé ò tó. Kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni ẹ̀rí. Tẹ́lẹ̀, ehoro tí wọ́n ti febi pa ni wọ́n sábà máa ń lò. Wọ́n á gún ìdajì wọn ní ínsúlínì tí agbára rẹ̀ ti dájú, wọ́n á gún ìdajì yòókù ní tuntun, wọ́n á sì máa gba ẹ̀jẹ̀ wọn ní wákàtí bíi mélòó kan. Nígbà tó bá ṣe, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀: èyí tó gba ti àkọ́kọ́ á gba tuntun. Ehoro ò dọ́gba, òmíràn máa ń gbọ́ oògùn ju èkejì lọ. Ìpààrọ̀ yìí ni kì í jẹ́ kí ìyẹn ba èsì jẹ́. Wọ́n tún máa ń lo eku nígbà náà, wọ́n á ka iye tí gìrì mú nínú wọn nítorí pé ṣúgà wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Èyí tí agbára rẹ̀ ti dájú yẹn dà bíi kọ́ńgò tí gbogbo ọjà fi ń wọn gaàrí: òun ni wọ́n fi ń mọ iye yúnìtì tuntun. "100" tí ẹ ń rí lára ìgò, yúnìtì inú mílílítà kan ni. Lóde òní, ẹ̀rọ ló sábà ń wọn ín, wọ́n sì ń lo sẹ́ẹ̀lì inú abọ́ láti fi rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, àánú ehoro ń ṣe mí.

Ẹ má dán an wò nílé rárá, kò sì sẹ́ni tó ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Ooru ìlú wa ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù: ínsúlínì tí ooru ti bà jẹ́ lè ṣì mọ́ kedere lójú. Èyí tí ẹ ò tíì ṣí, ẹ fi sínú fíríìjì, kì í ṣe inú fírísà. Bó bá dì, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tí ẹ ti ṣí, ọ̀pọ̀ wọn kì í kọjá ọjọ́ 28. Bí iná ò bá sí, ẹ gbé e sí ibi tútù, bí inú ìkòkò amọ̀ tí ẹ bù omi yí ká, kí omi má kàn án. Bí ṣúgà Ìyá bá ń lọ sókè láìjẹ́ pé oúnjẹ wọn yí padà tàbí pé wọ́n gbàgbé abẹ́rẹ́, ẹ lo ìgò tuntun, kí ẹ sì pe dókítà wọn lọ́jọ́ náà gan-an.